Òkúta Rédíò Tí Séraphin Sá Sóòrùn

Ní àwọn ọdún tí gbogbo wa ń jẹ́ kámáráàdì, tí èèyàn bá wọ ọ́fíìsì tí wọ́n á kọ́kọ́ ké "Ehuzu" sí i, ìyẹn pé Ìyípadà ti dé, tí yóò sì dá wọn lóhùn pé "Dandan" kí wọ́n tó bi í léèrè ohun tó bá wá, ọkùnrin kan wà ní Igolo tí kì í da ohunkóhun nù. Séraphin lorúkọ rẹ̀. Ifangni ló ń gbé pẹ̀lú Marie ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ wọn, ṣùgbọ́n Igolo ni ìsọ̀ rẹ̀ wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó ń ṣẹ́ owó, níbi tí èèyàn ti lè na ọrùn díẹ̀ kó rí òrùlé Ìdí-Ìrókò ní òdì kejì ibodè.

Ó ń tún rédíò ṣe, ó sì ń da orin kọ láti inú kásẹ́ẹ̀tì kan sínú òmíràn fún ẹni tó bá fẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn ará Igolo fi ń júwe ìsọ̀ rẹ̀ fún àlejò ni páànù kan tó tẹ́ síta. Orí páànù yìí ló ń sá òkúta rédíò sí, èyí tí àwọn ọmọ iléèwé ń pè ní pile. Iná mànàmáná kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa nígbà náà, òkúta ni gbogbo orin ń jẹ. Tí òkúta bá ti rẹ̀, tí orin bẹ̀rẹ̀ sí í fà bí ẹni tí oorun ń kùn, àwọn ẹlòmíràn a yọ ọ́ sọ sínú igbó. Séraphin ní tirẹ̀ yóò tò wọ́n sórí páànù láàárọ̀ bí ẹni ń sá ẹja, yóò yí wọn padà lọ́sàn-án, nígbà tí ìrọ̀lẹ́ bá fi máa dé, wọ́n á ti jí díẹ̀. Díẹ̀ náà tó o. Ó máa ń sọ pé òkúta tí àwọn èèyàn rò pé ó ti kú ṣì ní orin nínú, ẹni tí kò ní sùúrù ni kò ní rí i yọ.

Àwọn alárù fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Wọ́n á ní, "Séraphin, tí ìyá àgbà wa bá kú, a ó gbé e wá kí o bá wa sá a."

Òun náà á ní, "Ẹ gbé e wá. Ẹ̀yin ni ẹ ó sáà máa yí i."

Kò sì sí ohun tó burú níbẹ̀. Ẹni tó níyàwó, tó lọ́mọ, tí iṣẹ́ rẹ̀ ń jẹ òkúta bí ẹṣin ṣe ń jẹ koríko, ó yẹ kó mọ ohun tí nǹkan yóò ná an kó tó fọwọ́ kàn án. Àṣírí iṣẹ́ rẹ̀ kan tún wà: tó bá ń da orin kọ, yóò yí ohùn ẹ̀rọ wálẹ̀ pátápátá, nítorí ariwo tó ń jáde ló ń mu òkúta jù. Báyìí ni ọkùnrin yìí ṣe fi orin bọ́ ilé fún ọdún púpọ̀ láì gbọ́ orin, bí ẹni tó ń se oúnjẹ tà tí kì í tọ́ ọbẹ̀ wò.

Delphine ló ba ètò yẹn jẹ́. Oníṣòwò aṣọ ni, ó máa ń lọ Lomé lọ kó aṣọ, àgbà obìnrin tí kì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Ó já kásẹ́ẹ̀tì kan sílẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó ní kí Séraphin bá òun da á kọ. Ẹ̀rọ ń ha lọ́jọ́ náà, Séraphin sì yí ohùn rẹ̀ sókè kó lè mọ ohun tó ń ṣe é. Ohùn obìnrin ló jáde. Obìnrin kan ṣoṣo pẹ̀lú jìtá, kò sí ìlù, kò sí ẹni tó ń gbè é lẹ́yìn. Kó tó la ẹnu, ó mí sínú, ẹ̀rọ sì ti gbá mímí yẹn mú.

Séraphin fi ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Kò gbọ́ èdè tí obìnrin náà ń sọ. Ṣùgbọ́n gbogbo orin tó ti ń kọjá lọ́wọ́ rẹ̀ títí di ọjọ́ náà, orin ọkùnrin ni, ọkùnrin tó ń ki olówó tàbí tó ń ki ara rẹ̀, àwọn obìnrin inú rẹ̀ kò sì ju kí wọ́n dúró lẹ́yìn kí wọ́n máa gbè lọ. Eléyìí kò ki ẹnikẹ́ni. Ó ń kọrin bí ẹni tó jókòó lójú fèrèsé tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, tí kò bìkítà bóyá ẹnìkan ń kọjá. Ó gbọ́ ọ tán, ó dá a padà sí ìbẹ̀rẹ̀, ó tún gbọ́ ọ. Ó mọ̀ pé òkúta ń lọ. Ó jẹ́ kó máa lọ.

Nígbà tí Delphine padà wá, Séraphin bi í pé ta ni obìnrin náà. Delphine ní ẹ̀bá ọ̀nà lòun ti rà á, òun kò mọ̀ ọ́n. Ó wò ó lókè wò ó nílẹ̀. "Kí lo fẹ́ fi orúkọ rẹ̀ ṣe? Ṣé o fẹ́ rán alárinà sí i ni?"

"Rárá, Tanti. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá irú rẹ̀ ṣì wà ni."

Irú rẹ̀ wà. Láti ọjọ́ náà ni ó ti ń bẹ gbogbo ẹni tó ń kọjá ní ibodè pé kí wọ́n bá òun wá ohùn obìnrin wá. Awakọ̀ kan mú ti ọ̀dọ́mọbìnrin Èkó kan wá, tí ohùn rẹ̀ ń ta pọ́nún bí ọmọ tó ń fo okùn. Nọ́ọ̀sì kan tó ti Abidjan bọ̀ mú òmíràn wá, ohùn rẹ̀ wúwo, ó dà bí ẹni tó ti jí kí àkùkọ tó kọ. Òmíràn wà tó jẹ́ pé ní òpin gbogbo orin rẹ̀, yóò rẹ́rìn-ín díẹ̀, bí ẹni pé ojú ń tì í pé ó sọ òótọ́. Àdàkọ àdàkọ ni gbogbo wọn, kò sí orúkọ kankan lára wọn, Séraphin sì sọ wọ́n lórúkọ fúnra rẹ̀: Olókùn Eré, Ìyá Àfẹ̀mọ́jú, Arẹ́rìn-ín-parí. Èyí àkọ́kọ́ ló pè ní Onímímí. Kò pẹ́ tí àwọn oníbàárà fi ń bèèrè wọn. Alárù tó ti ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ á dúró lẹ́nu ìsọ̀ pẹ̀lú àpò ìrẹsì lórí, á ní kó fi Arẹ́rìn-ín-parí sí i kí òun gbọ́ ẹyọ kan lọ.

Ohun tó dùn mọ́ ọn nínú wọn, kò rí i sọ fún èèyàn. Bí obìnrin kan ṣe sáré kọjá lórí ọ̀rọ̀ kan bí ẹni pé ọ̀rọ̀ náà gbóná. Bí òmíràn ṣe dúró níbi tí èèyàn kò rò pé yóò dúró, tí jìtá sì ń retí rẹ̀. Ó wá di pé tó bá ń lọ lọ́nà, tí obìnrin kan bá ń pe ọmọ rẹ̀ tàbí tó ń polówó ọjà, yóò dúró díẹ̀. Etí rẹ̀ ti là.

Marie rí i pé ilé ti kún fún kásẹ́ẹ̀tì. Ó ní, "Mo dúpẹ́ pé àwọn ìyàwó rẹ wọ̀nyí kì í jẹun."

Séraphin ní wọ́n ń jẹ òkúta.

"Ìyẹn náà ló ṣe jẹ́ pé èmi ni mo ṣì jẹ́ ìyálé," ni Marie wí.

Lásìkò ìpolongo àgbàdo, tí ìjọba ní kí gbogbo ènìyàn gbin àgbàdo, tí ìgbìmọ̀ Ìyípadà sì ń pe ìpàdé kiri abúlé, wọ́n ní kí Séraphin wá bá wọn tún ẹ̀rọ gbohùngbohùn ṣe ní Ko-Koumolou. Ẹgbẹ́ obìnrin abúlé náà ti kọ gbogbo orin Ìyípadà tí wọ́n mọ̀, ẹ̀rọ kò tíì dáhùn, àwọn èèyàn sì ti ń wo oko wọn. Kámáráàdì alága ní kí ẹni tó ń lé orin fún wọn kọ ohunkóhun tó bá wù ú kí àwọn èèyàn má bàa tú ká. Ọmọbìnrin kan ló ń lé orin náà, Ọ̀ṣunfúnkẹ́, ọmọ Fádípẹ̀ tó ń fọ epo. Ó bọ́ síwájú ẹgbẹ́. Lẹ́yìn náà ó kọ orin tirẹ̀:

Ọkọ̀ tó kọjá fi eruku bò mí,
Mo nujú tán, ọ̀nà ṣì wà níbẹ̀.

Ẹ̀yìn ẹ̀rọ ni Séraphin wà lórí ìkúnlẹ̀, kò rí ojú rẹ̀. Ó gbọ́ bó ṣe mí sínú kó tó bẹ̀rẹ̀. Ohùn náà kò ga, ó nípọn, ó sì dùn nísàlẹ̀ bí omi inú ìkòkò, ó ń lọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kò bẹ ẹnikẹ́ni pé kó gbọ́. Àwọn tó ti ń yíjú sí oko padà jókòó. Séraphin fi ẹ̀rọ náà sílẹ̀ láì tún un ṣe títí orin fi parí, ìyẹn sì ni ìgbà kan ṣoṣo tó fi iṣẹ́ falẹ̀ mọ̀ọ́mọ̀.

Ó ní kó wá sí Igolo wá gbọ́ nǹkan. Ọ̀ṣunfúnkẹ́ sì wá, lọ́jọ́ tó gbé epo wá sọ́jà. Séraphin gbé àpótí kalẹ̀ fún un lẹ́yìn tábìlì, ó fi Onímímí fún un gbọ́, ó fi Ìyá Àfẹ̀mọ́jú fún un gbọ́. Ọmọ náà gbé etí sún mọ́ ẹ̀rọ. Nígbà tó yá ó bèèrè bóyá àwọn obìnrin wọ̀nyí ní ọkọ. Séraphin ní òun kò mọ̀. Ó bèèrè bóyá ẹnìkan ló kọ ọ̀rọ̀ orin náà fún wọn. Séraphin ní ó dà bí pé tiwọn ni. Ọmọ náà mi orí. Gbogbo orin tó mọ̀ pé obìnrin ń kọ lójú agbo, ti ìgbéyàwó ni, ti òkú ni, ti ìjọ ni, ti Ìyípadà ni. Kò mọ̀ pé obìnrin lè dúró kó máa kọ ọ̀ràn ara rẹ̀, kí àwọn èèyàn ìlú mìíràn sì máa rà á.

Ó ń wá lẹ́yìn náà ní gbogbo ọjọ́ ọjà. "Tonton" ló ń pe Séraphin, bí ọmọ ṣe ń pe arákùnrin bàbá rẹ̀, òun náà sì ń pè é ní àbúrò. Ó ń gbọ́ àwọn obìnrin inú kásẹ́ẹ̀tì, ó ń lọ sílé, yóò padà wá pẹ̀lú orin tuntun tó ti ṣe nígbà tó ń tẹ ẹyìn. Marie pàápàá fẹ́ràn rẹ̀. Tó bá dé Ifangni, inú ilé ìdáná ni wọ́n máa ń wà tí wọ́n á máa fi Séraphin rẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n Fádípẹ̀ kì í ṣe ẹni tó ń fi ọmọ ṣeré. Ọkùnrin kan láti abúlé Tchaada ti wá tọrọ Ọ̀ṣunfúnkẹ́, àgbẹ̀ ni, ó ní oko ọ̀pẹ, kò sí ẹ̀gàn lára rẹ̀. Ọmọ náà bẹ bàbá rẹ̀ pé kó fún òun láyè díẹ̀, bóyá orin òun yóò já sí nǹkan. Fádípẹ̀ ní ó dáa, títí di Ọdún Àjíǹde. Tí kò bá sí nǹkan nígbà náà, kó palẹ̀ mọ́ kó máa lọ Tchaada.

Ọdún náà ni ìjọba òdì kejì ti ẹnu ibodè. Igolo pa lọ́lọ́. Àwọn tó ń ṣẹ́ owó ń sùn lórí ìjókòó wọn. Òkúta tuntun, tó jẹ́ pé ọ̀dọ̀ wọn lọ́hùn-ún ló ti ń wá, ó di ohun tí wọ́n ń gbé gba inú igbó, ó sì gbówó lórí bí oògùn. Séraphin ní ìwọ̀nba tó kù fún un, tuntun, tí ìwé ṣì wà lára wọn. Inú agolo mílíkì kan lábẹ́ tábìlì ló kó wọn sí. Ó ní iṣẹ́ tí yóò bọ́ ilé ni wọ́n wà fún.

Inú ìyẹn ni Delphine dé pẹ̀lú ìròyìn. Ó ní olórí ẹgbẹ́ olórin kan wà ní Kútọnu, Honoré lorúkọ rẹ̀, ó máa ń ra aṣọ lọ́wọ́ òun. Obìnrin tó ń kọrin fún wọn ti lọ́kọ ó ti lọ. Wọ́n fẹ́ lọ Abidjan, wọ́n sì ń wá ohùn obìnrin, ohùn tó nípọn, kì í ṣe tọmọdé. Honoré kò lè máa rìn kiri abúlé. Ẹni tó bá ní, kó fi kásẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́. Ó ku díẹ̀ kó di Ọdún Àjíǹde.

"Ẹ gba ohùn Ọ̀ṣunfúnkẹ́ sílẹ̀ kí n mú un lọ," ni Delphine wí. "Mo lè gbé kásẹ́ẹ̀tì sáàárín aṣọ, kò wúwo."

Ilé Séraphin ní Ifangni ni wọ́n ti ṣe é, lọ́sàn-án gangan, nígbà tí àwọn ọmọ wà níléèwé. Wọ́n fi ẹní àti aṣọ dí fèrèsé kí ariwo má baà wọlé. Marie lé ewúrẹ́ jìnnà. Ọ̀ṣunfúnkẹ́ wọ bùláòsì funfun tó máa ń wọ̀ lọ sí òde, ó sì tún irun rẹ̀ ṣe, bí ẹni pé ẹ̀rọ yóò rí i. Igbá kan wà lórí itan rẹ̀ tí yóò máa fọwọ́ lù.

Séraphin ṣí agolo. Ó wo àwọn òkúta tuntun inú rẹ̀. Ó ro iṣẹ́ tó wà nílẹ̀: ilé ọtí kan ní Igolo ti ní kó bá wọn da orin kọ, ìyẹn ni wọn yóò fi jẹun títí ibodè yóò fi ṣí. Ó ro àwọn tó sá sórí páànù láti àná: wọ́n ti jí dáadáa, iná ẹ̀rọ ń tàn, okùn kásẹ́ẹ̀tì ń yí. Ó pa agolo dé.

Ọ̀ṣunfúnkẹ́ rí i. Ó ní, "Tonton, ṣé àwọn yẹn kò ní sàn jù?"

"Àbúrò, òkúta kì í kọrin. Ìwọ lo máa kọrin."

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. Ó kọrin, ó sì kọ ọ́ débi pé Marie tó wà lẹ́nu ọ̀nà fi etí aṣọ nu ojú. Wọ́n gbọ́ ọ lójú ẹsẹ̀ nínú ẹ̀rọ kan náà. Ó dára. Bó ṣe jẹ́ pé òkúta ti tún rẹ̀ díẹ̀ sí i, ohùn náà tilẹ̀ lọ sísàlẹ̀ ju tẹ́lẹ̀, ó nípọn bí oyin, Marie sì ní àwọn ará Kútọnu yóò sunkún. Séraphin yọ kásẹ́ẹ̀tì náà, ó ṣẹ́ ike kékeré ẹ̀yìn rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà gba nǹkan mìíràn lé e lórí. Iṣẹ́ àṣeparí ni lójú rẹ̀.

Delphine mú un lọ, ó sì mú un padà wá. Kò fi nǹkan kan pa mọ́, bí oníṣòwò tí ọjà rẹ̀ kò tà ló ṣe sọ ọ́. Ó ní iná mànàmáná ló wà nílé Honoré, ẹ̀rọ ńlá ló wà níbẹ̀, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ jókòó yíká. Wọ́n fi kásẹ́ẹ̀tì sí i. Ohùn tó jáde tín-ín-rín, ó ń sáré, bí ọmọ adìyẹ tí àṣá ń lé. Nígbà tó fi máa dé orin tó kẹ́yìn, èèyàn kò gbọ́ ọ̀rọ̀ mọ́. Àwọn kan rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ikùn mú. Honoré ní, "Madame, mo ní kí ẹ wá obìnrin wá fún mi, ẹ gbé ọmọ iléèwé wá." Delphine ní òun gba kásẹ́ẹ̀tì náà padà. Òun rò pé bóyá bí ohùn èèyàn ṣe máa ń rí nínú ẹ̀rọ ńlá nìyẹn.

Ọ̀ṣunfúnkẹ́ wà ní ìsọ̀ nígbà tó ń sọ ọ́, lórí àpótí lẹ́yìn tábìlì. Séraphin gba kásẹ́ẹ̀tì náà, ó ní àwọn ará Kútọnu kò ní etí. Ó fi í sínú ẹ̀rọ rẹ̀ kí gbogbo wọn jọ gbọ́. Ó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ilé ọtí yẹn, òkúta tuntun ló wà nínú ẹ̀rọ. Ohùn tó jáde tín-ín-rín, ó sì ń sáré, gẹ́lẹ́ bí Delphine ṣe wí.

Ọmọ náà kò tíì gbọ́ ohùn ara rẹ̀ láti ìta rí àfi lọ́jọ́ yẹn ní Ifangni, kò ní ohun tó lè fi wé e. Ó wo Séraphin.

"Tonton, ṣé bí ohùn mi ṣe ń rí létí àwọn èèyàn nìyí?"

Ọkùnrin tó ti kúnlẹ̀ lẹ́yìn gbohùngbohùn ní Ko-Koumolou, tó ti fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ọ, ó yẹ kó mọ ohun tí yóò dáhùn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tó ti mọ́ ọn lẹ́nu, tó máa ń sọ fún gbogbo oníbàárà tó bá ní àdàkọ òun kò dára, ọ̀rọ̀ náà ló sì kọ́kọ́ dé ẹnu rẹ̀.

"Ẹ̀rọ mi kì í parọ́," ó wí.

Ọ̀ṣunfúnkẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ Delphine pẹ̀lú ìkúnlẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Séraphin náà, ó gbé agbada epo rẹ̀ tó ti ṣófo, ó lọ.

Ọdún Àjíǹde ti kọjá kí Victorin tó dé. Aṣọ́bodè ni, èèyàn aláwàdà, ó ti ra ẹ̀rọ tuntun tó ń lo iná síbi tó ń sùn ní Àjàṣẹ́. Ó ju kásẹ́ẹ̀tì kan sórí tábìlì. Orin akọrin kan tí ohùn rẹ̀ máa ń dún bí àgbá ni Séraphin ti da kọ fún un.

"Camarade Séraphin," ó wí, "o ti sọ ọkùnrin yìí di ìyàwó ara rẹ̀."

Séraphin bá a rẹ́rìn-ín. Àwọn tó ń ṣẹ́ owó náà rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó bi Victorin léèrè ìgbà tó gba kásẹ́ẹ̀tì náà, Victorin sì sọ. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu Séraphin. Ọ̀sẹ̀ kan náà tí wọ́n gba ohùn Ọ̀ṣunfúnkẹ́ sílẹ̀ ni. Àwọn òkúta kan náà tó sá sórí páànù ni.

Ó jókòó. Ọ̀rọ̀ náà kò le rárá, ó lè yé ọmọdé, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ni láti ọjọ́ yìí wá. Tí òkúta bá rẹ̀ nígbà tí ẹ̀rọ ń gba ohùn, okùn kásẹ́ẹ̀tì ń rìn jẹ́jẹ́. Tí ẹ̀rọ tó lágbára bá wá ń ka okùn náà, okùn á sáré, gbogbo ohun tó wà lára rẹ̀ á sì bá a sáré. Gbogbo ìgbà ló ń gbọ́ bí òkúta tó ti rẹ̀ ṣe ń sọ orin di olóorun. Kò ro ọ̀nà kejì rí. Iṣẹ́ tó ń da kọ, ó ń yí ohùn wọn wálẹ̀ kí òkúta má baà lọ, kì í gbọ́ wọn. Èyí tó sì gbọ́, òkúta tó rẹ̀ kan náà ló fi gbọ́ ọ.

Ó kó èyí tó kù nínú agolo, ó de ẹ̀rọ mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, ó forí lé Ko-Koumolou nínú oòrùn.

Ọ̀ṣunfúnkẹ́ ṣì wà níbẹ̀. Ó ń tẹ ẹyìn pẹ̀lú àwọn obìnrin ilé wọn, epo ti dé orúnkún rẹ̀. Àwọn yòókù ń kọrin kí ẹsẹ̀ wọn lè bára mu, òun kò bá wọn kọ. Séraphin dúró létí ibẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ lápá, ó ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó sọ ọ́ méjì nítorí kò dá a lójú pé ọmọ náà gbọ́. Ó ti gbọ́.

"Àwọn Honoré ńkọ́?" ó bèèrè.

Séraphin ní wọ́n ti lọ Abidjan. Félicité kan ni wọ́n mú.

"Ilé Tchaada ti gbé ìdána wá," ni Ọ̀ṣunfúnkẹ́ wí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dúró. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó tún ní, "Ẹ ṣáà sọ pé òkúta kì í kọrin."

Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ì bá fi ìbínú sọ ọ́, ọkùnrin náà ì bá rí ohun dì mú. Séraphin ń bẹ̀ ẹ́. Ó kó àwọn òkúta tuntun jáde, ó ní kí wọ́n tún un gbà, níbí yìí, nísinsìnyí, òun yóò wá ẹlòmíràn fún un, Kútọnu kún fún ẹgbẹ́ olórin.

"Fún ta ni, Tonton? Mo ti gbà fún bàbá mi." Ó nu òógùn ojú rẹ̀ pẹ̀lú èjìká nítorí epo wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹ sì ní àwọn ìyàwó tí kì í jẹun tó pọ̀ nílé."

Ọ̀rọ̀ Marie ni, èyí tí wọ́n fi máa ń rẹ́rìn-ín nílé ìdáná. Lọ́jọ́ náà kò pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín. Àwọn obìnrin yòókù ti tún gbé orin, Séraphin sì rí i pé òun ń dí wọn lọ́nà. Ó yí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ padà.

Ó kó àwọn òkúta náà padà sínú agolo. Iṣẹ́ ilé ọtí ṣì wà nílẹ̀, Marie sì sọ fún un pé kó fi wọ́n ṣe iṣẹ́, pé ohun tó ti lọ ti lọ. Kò lè ṣe é. Ó lọ ra òmíràn lọ́wọ́ àwọn tó ń gba inú igbó, ní iye tó dùn ún dé egungun. Ọkùnrin tí kì í da ohunkóhun nù, ó fi òkúta tuntun sílẹ̀ lábẹ́ tábìlì láì fọwọ́ kàn án. Nígbà tí Marie ń gbálẹ̀ lẹ́yìn ọdún díẹ̀ tó ṣí agolo náà, wọ́n ti bẹ́, wọ́n ti tú nǹkan funfun jáde, wọ́n sì ti lẹ̀ mọ́ ara wọn.

Ibodè ti ṣí nígbà náà. Àwọn kásẹ́ẹ̀tì tún ń wọlé, ohùn obìnrin sì pọ̀ nínú wọn ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, àwọn tó ń fi dùùrù oníná kọrin ijó, àwọn tó jókòó ti jìtá wọn ní jẹ́jẹ́. Séraphin ń gbọ́ gbogbo wọn, ó ń sọ wọ́n lórúkọ, àwọn oníbàárà sì ń gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́ tó bá ní eléyìí dára. Ṣùgbọ́n adùn náà kò lọ geere mọ́. Tí ohùn obìnrin kan bá ti ń jáde, ohun tó máa ń rò ni pé ẹnìkan dúró ti eléyìí lọ́jọ́ tí wọ́n gba ohùn rẹ̀. Ẹnìkan ṣí agolo, kò sì pa á dé.

Nígbà tó yá, ìgbìmọ̀ Ìyípadà kò pe ìpàdé mọ́. Owó oṣù kò jáde, àwọn olùkọ́ jókòó sílé, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í kí ara wa káàárọ̀ gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa. Ọ̀rọ̀ kámáráàdì rọra bọ́ lẹ́nu wa. Iná dé ẹ̀bá títì, Séraphin ra ẹ̀rọ tó ń lo iná, ó sì ń da orin kọ láì sí òkúta. Síbẹ̀ kò ká páànù rẹ̀ nílẹ̀. Àwọn òkúta tí àwọn èèyàn ń jù nù ló ń ṣà sórí rẹ̀, àwọn alárù sì rò pé ọjọ́ orí ti ń ṣe é.

Marie nìkan ló mọ ohun tó ń fi wọ́n ṣe. Ẹ̀rọ àtijọ́ yẹn ló máa ń kó wọn sí, àwọn tó ti rẹ̀ gan-an, tí oòrùn kàn ta jí díẹ̀. Tí ìrìn okùn bá ti falẹ̀ dé ibi tó yẹ, kò yá jù, kò falẹ̀ jù, yóò fi kásẹ́ẹ̀tì Ọ̀ṣunfúnkẹ́ sí i, ohùn ọmọ náà yóò sì jáde bó ṣe rí gan-an, nípọn, jẹ́jẹ́, pẹ̀lú mímí tó ṣíwájú rẹ̀. Kì í pẹ́. Orin kan, bóyá kó lé díẹ̀, òkúta á rẹ̀ sí i, ohùn á sì máa rì.

Ó ń gbọ́ ọ báyìí lọ́jọ́ ọjà kan ní Igolo, ọdún tí wọ́n ní Ìyípadà ti parí. Ó gbójú sókè, ó rí obìnrin kan tó dúró síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ páànù, ọmọ lẹ́yìn, agbada epo lórí. Ó ti sanra díẹ̀. Kò wọlé, kò sì sọ ẹrù kalẹ̀. Séraphin fẹ́ dìde, obìnrin náà sì fi ọwọ́ sọ fún un pé kó jókòó, òun ń gbọ́.

Ọkọ̀ tó kọjá fi eruku bò mí, ni ẹ̀rọ ń wí.

Ọ̀ṣunfúnkẹ́ dúró bẹ́ẹ̀, ọrùn rẹ̀ nà gbọọrọ lábẹ́ ẹrù. Ojú rẹ̀ dà bíi ti ẹni tó bá ẹnìkan pàdé tó mọ̀ rí. Ó mi orí lẹ́ẹ̀kan, díẹ̀, nítorí agbada. Lẹ́yìn náà òkúta bẹ̀rẹ̀ sí í tán. Ohùn náà wúwo, ó tún wúwo sí i, ó di ti ọkùnrin, ó fà, kò sì tíì dé ibi tó ti ń sọ pé ọ̀nà ṣì wà níbẹ̀ tó fi dákẹ́.

Séraphin na ọwọ́ sábẹ́ tábìlì síbi tí agolo máa ń wà. Ó rántí pé kò sí nǹkan níbẹ̀.

"Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu, Tonton," ni obìnrin náà wí láti ìta. "Ó ti rẹ̀ mí nínú ẹ̀rọ yín."

Ó gbé ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ sókè díẹ̀ kó má baà yọ̀, ó kí i pé ó dàbọ̀, ó sì wọ inú ọjà lọ. Séraphin wò ó títí agbada rẹ̀ fi pòórá láàárín àwọn agbada yòókù. Lẹ́yìn náà ó ṣí ẹ̀yìn ẹ̀rọ, ó yọ àwọn òkúta náà, ó sì jáde lọ tò wọ́n sóòrùn.